Ìbò Àǹtí Léona

Bí ẹ bá dé Sainte-Odile lónìí, tí ẹ rí i tí iná ń tàn ní pápá yìnyín wa, tí àwọn èèyàn ń pariwo nínú rẹ̀ bí ẹni pé ilé ń jó, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó kankan. Léona Michaud ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi Gérald, tí mo ń gẹrun fún àwọn ọkùnrin ìlú yìí, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sọ̀rọ̀ mi dáadáa lójú mi rí.

Etí odò la wà. Ìhín ni Kánádà, ọ̀hún ni Amẹ́ríkà, àwọn ìbátan wa sì wà ní ìhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìlú wa fi pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ họ́kì, eré orí yìnyín. Ilé kan ń ṣe ẹgbẹ́ Montreal, ilé kejì ń ṣe ẹgbẹ́ Boston, kò sì sẹ́ni tó fúnra rẹ̀ yàn án. Wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni, bí imú. A lè jọ lọ sí ìsìn kan náà, ká jọ kórè ọ̀dùnkún, ká fẹ́ ọmọ ara wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Montreal bá pàdé Boston, kálukú á mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun wà.

Ilé Montreal ni wọ́n bí Léona sí. Ó dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa títí tó fi fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ sì le débi pé bó bá pe ọmọ kan láti ìdí ààrò, àwọn tó wà níta á dáhùn. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Àǹtí. Òun ló wá lọ fẹ́ Rosaire Michaud, awakọ̀ gẹdú, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń ṣe Boston bíi tèmi, àní débi pé ó fi àwọ̀ Boston kun ilẹ̀kùn ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì fi jókòó sí ìpẹ̀kun àga gbọọrọ kan náà níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń bú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Bí eré bá parí, Léona á gbé oúnjẹ wá, Rosaire á fọ abọ́. Mi ò tíì rí tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí èyí tó mọ èébú tó wọn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ ń gbé ní Alberta, ṣùgbọ́n ilé wọn ò ṣófo nígbà tí ẹgbẹ́ wa àtijọ́, àwọn Agégẹdú, ṣì wà. Ẹ mọ̀ pé owó oṣù àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì ní ẹgbẹ́ kékeré ò tó gba ilé. Àwa ará ìlú la máa ń gbà wọ́n sọ́dọ̀. Wọ́n á jẹ nínú oúnjẹ wa, wọ́n á bá wa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì máa bá wọn wí bí ọmọ inú wa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá, irú bí Montreal tàbí Boston, ló ni wọ́n. Ẹgbẹ́ ńlá ni òbí, àwa la gbà wọ́n tọ́. Bí ẹgbẹ́ kékeré ò bá ní òbí, kò ní ọmọ tó máa gbá eré fún un. Ohun tó pa àwọn Agégẹdú nìyẹn: ẹgbẹ́ òbí wọn kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú tó tóbi ju tiwa lọ, ó sì parí. Lẹ́yìn náà ni Rosaire ṣàìsàn, ó sì kú.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ò ti lọ déédéé fún Léona, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí omijé òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣàdédé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí obìnrin kì í wọ̀. Mo ń fá irùngbọ̀n ẹnì kan lọ́wọ́.

"Gérald," ló wí, "ṣé o rí bí Montreal ṣe na àwọn ọ̀lẹ yín lánàá?"

Mo wò ó. Mo rántí Rosaire. Àánú ṣe mí.

"Mo rí i, Àǹtí. Ẹ kú oríire. Wọ́n gbá a dáadáa."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lójú ẹsẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́? Àìsàn ni? O ò ní bú mi ni?"

"Kí ni mo fẹ́ bú yín fún, Àǹtí? Ẹ ti jẹun?"

Ó ń yí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Ilé mi ti dákẹ́ jù, Gérald," ló wí, ó sì jáde. Ẹni tí mo ń fá irùngbọ̀n fún sọ pé mo ṣe dáadáa bí mo ṣe fi pẹ̀lẹ́ bá opó sọ̀rọ̀, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa ará Boston ìlú yìí la ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Bó bá bú wa, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó sì béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni Normand Beaulieu gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tuntun dìde. Normand ló ni ilé iṣẹ́ tó ń gé ọ̀dùnkún fún díndín. Ọ̀làwọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èèyàn máa ń bà á. Ó pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, níbi tí a ti máa ń jẹ ẹ̀wà tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè. Léona ló ń bu ẹ̀wà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Normand wí, ó ń nu iwájú orí, "líìgì ti gbà wá. Ṣùgbọ́n tí a ò bá dárúkọ ẹgbẹ́ òbí fún wọn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á fi àyè wa fún ìlú mìíràn. Ẹ sì mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú sọ: bí ẹgbẹ́ ò bá dé lọ́dún yìí, pápá yìnyín á di ibi tí a ó máa kó ọ̀dùnkún sí. Mo kọ̀wé sí Montreal, mo kọ̀wé sí Boston."

"Èwo ló gbà?" ni ẹnì kan béèrè.

Normand tún nu iwájú orí. "Àwọn méjèèjì."

Háà, ẹ ò rí ìlú! Ẹni tó ń jẹun gbé ṣíbí sílẹ̀, ẹni tó jókòó dìde.

"Kí ọmọ Boston wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi?" ni Fernande Cyr ké, ọ̀rẹ́ Léona láti kékeré. "Kó lọ sùn sínú odò!"

"Ṣé Montreal lẹ fẹ́ kó tọ́ ọmọ?" lèmi náà dáhùn. "Ìgbà tí wọ́n gba ife kẹ́yìn, ìyá mi àgbà ṣì ní eyín!"

"Ìyá rẹ àgbà ò ní eyín rí, Gérald! Mo mọ̀ ọ́n!"

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Àlùfáà ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo wo Normand, mo rí i pé ó ti fẹ́ sọ pé kí a pa á tì, kí ọ̀dùnkún máa gbé inú pápá lọ. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ṣàdédé bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gidi.

"Ó tó! Ẹni tó bá máa gba ọmọ sílé nìkan ló máa dìbò! Ẹni tó kàn fẹ́ pariwo, kó máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ!"

Gbogbo wa jókòó. Ọ̀rọ̀ náà bá wa mu, nítorí pé láìsí ilé tí àwọn ọmọ á gbé, ẹgbẹ́ ò lè dúró. Èmi gan-an ò lè dìbò, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní lókè ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó máa gba ọmọ na ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kà á, ilé márùn-ún fẹ́ Montreal, ilé márùn-ún fẹ́ Boston. Normand sì ní bí ilé ò bá pé mọ́kànlá, òun ò lè bẹ̀rẹ̀. Ó wò yíká. Kò sẹ́ni tó tún nawọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo wa yí sí ìdí ìkòkò ẹ̀wà.

Léona ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò gba ọmọ họ́kì mọ́, pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Fernande sáré lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Léona, ṣàánú wa, gba ẹyọ kan! O kàn ní kó o dárúkọ Montreal, ó parí!"

Àwọn ará Montreal ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwa ará Boston ti ń wá kóòtù wa.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé ìpọn ẹ̀wà yìí sílẹ̀," ni Léona wí. Ó nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Màá gba ọmọ kan. Boston ni mo dìbò fún."

Mo rò pé etí mi ló ń dùn. Fernande fi í sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

"Orí rẹ ti dàrú! Bí bàbá rẹ bá gbọ́ èyí ńkọ́?"

"Bàbá mi ti gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ pé mo fẹ́ Rosaire."

A bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí mi.

"Ìwọ Gérald, àti gbogbo ẹ̀yin ará Boston. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti ń káàánú mi. Mo bú yín, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo jẹun! Mo jẹun yó! Mi ò rẹ́ni bá jà ni! Bí Montreal bá gbá góòlù, kò sẹ́ni tí inú ń bí nínú ilé mi. Ṣé ìyẹn náà ni ayọ̀? Bí wọ́n bá wá fún mi lọ́mọ Montreal, èmi àti ẹ̀ á máa sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni' fún ara wa títí Ọlọ́run á fi pè mí. Ẹ fún mi lẹ́ni tó máa ta kò mí."

Ó yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀. "Ẹ̀yin Montreal, ẹ tiẹ̀ ronú díẹ̀. Bí a bá na Boston, ìdí tábìlì yín ni wọ́n á ti jẹ àkàrà ploye láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Níbo ni wọ́n máa sá gbà?"

Fernande gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu ẹ̀wà sí i fún òun. Normand sunkún ní gbangba, kò tilẹ̀ nu ojú. Ojú ti èmi náà. Mo rántí gbogbo "ẹ kú oríire" tí mo ti kí obìnrin náà, ó dùn mí wọra. Bí a ṣe rí ẹgbẹ́ gbà nìyẹn.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí wọ́n pín fún Léona dé. Olivier Gaudreault lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún láti apá Chicoutimi ní Kánádà, ó fẹ̀ léjìká bí ilẹ̀kùn, ojú sì ń tì í. Báàgì Boston ló gbé wọlé. Inú Léona dùn débi tó fi pè mí wá jẹun nírọ̀lẹ́ tí Montreal àti Boston kọ́kọ́ pàdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti ṣe irun. Ó ti ṣètò èébú sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí Montreal fi gbá a wọlé. Léona yíjú kó lè bú ọmọ náà. Ọmọ náà ti wà lórí ìdúró, ọwọ́ méjèèjì lókè, ó ń ké "Góòlù!" Ó wá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Madame, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Montreal la ń ṣe nílé wa látilẹ̀. Boston ló kàn mú mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Léona ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo ọmọ náà, mo sì rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ padà sójú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Ta ló ń san owó oṣù rẹ?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

"Boston, Madame."

"Ó dáa. Sún sí ìpẹ̀kun ọ̀hún. Màá kọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbá a wọlé báyìí, wàá sọ pé rẹfirí ti gba owó oṣù méjì, ti líìgì àti ti Montreal. Sọ ọ́."

"Rẹfirí ti gba owó oṣù méjì, Madame."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ò ń ka kátíkísímù ni? Fọwọ́ gbá itan! Kí inú bí ọ! Lẹ́yìn náà wàá sọ pé gólì wọn ń kúnlẹ̀ nítorí pé àdúrà nìkan ló kù fún un."

Mo mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ti Rosaire ni, gbogbo wọn pátá, àti gbígbá itan náà. Léona ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èébú tí ọkọ rẹ̀ fi bú u láti ìgbà èwe wọn, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ọmọ náà ń gbìyànjú. Ohùn rẹ̀ ń le díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, tí Montreal tún ń lé iwájú, ó yọ èyí tí a ò kọ́ ọ, ó gbá itan rẹ̀ pàà.

"Ẹ̀yin Montreal yìí! Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù yín, ẹ ti ṣubú, ẹ ti ń ké pe rẹfirí!"

Omi bọ́ lójú Léona níṣojú èmi àti ọmọ náà, ohun tí mi ò tíì rí láti ọjọ́ ìsìnkú Rosaire. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó dì í mú.

"O ṣé, ọmọ mi," ló wí. "Ọlọ́run ló rán ọ. O ṣé gan-an."

Ó wá nu ojú, ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.