Èéfín Lórí Pápá Ìbarà

Láti pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré tí wọ́n ro sẹ́yìn Ìbarà títí dé irú rẹ̀ kejì nítòsí ibodè Dahomey, ẹni tó bá gba ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ lè ṣú bá a lọ́nà. Lójú òfurufú, awakọ̀ wa, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kò tó wákàtí kan. Èmi kò fẹ́ wọ ọkọ̀ náà rárá. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ, kí n sì bá ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kejì.

Kí a tó gbéra, òyìnbó bẹ̀bẹ̀ pé nígbà tí a bá ń bọ̀, kí ẹnìkan dá iná kékeré sí ẹ̀bá pápá, kí òun lè fi èéfín rẹ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ akọ̀wé, tí a jọ ń lọ, ló túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà Ìbarà, Igbein àti àwọn àdúgbò yòókù tó wá wò wá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Àlọ wa dára. Nígbà àbọ̀, tí a kọjá Wásinmi, tí a ń tọ ojú irin bọ̀ wálé, mo rí èéfín kan. Mo tún rí òmíràn, àti òmíràn, títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ pápá fi ń rú. Ewé tútù ni wọ́n kó lé iná. Èéfín náà ki bí òwú, ó bo ilẹ̀ pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń ṣe sí wa?"

"Àwọn ará wa náà nìyẹn. Ṣé Igbein á dá iná, kí Ìbarà máa wò ó níran? Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti dá tirẹ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Òyìnbó yí ọkọ̀ ká lókè pápá, ó tún yí i. Ó bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ló wí.

"Ó ní epo tó kù kò lè gbé wa padà síbi tí a ti wá."

"Ṣé a ó kú ni?"

"Má bi mí ní ìyẹn, àbúrò. Di nǹkan mú."

Nínú gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, ìlà àkọ́kọ́ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu, mo ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ inú èéfín. Ojú ń ta mí, n kò rí apá ọkọ̀ mọ́. Lójijì koríko yọ lábẹ́ wa, ó sún mọ́ wa ju bí mo ṣe rò lọ. A gbá ilẹ̀, a fò, a tún gbá a. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan kọ lu ebè, ó dá, a sì fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ wọnú oko ẹ̀gẹ́.

Òyìnbó gbé orí lé ọwọ́. Iwájú orí ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo fọwọ́ pa ara mi kiri, n kò rí ọgbẹ́.

Wọ́n ti yí wa ká, wọ́n sì fà wá jáde.

"Ẹ kú ewu o," àgbà kan láti Igbein wí. "Èéfín tiwa ló mú yín délé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Tiyín kẹ̀? Tiyín tí kò ju ti ẹni tó ń sun àgbàdo lọ," ará Ìbarà kan dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí sọ ọ́. Èwo lẹ rí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ lójú, ó rọra mi orí sí mi. Àwọn wọ̀nyí la ó ṣì jọ máa gbé ìlú.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá," ni mo wí. "Gbogbo rẹ̀ la rí."

Inú gbogbo wọn dùn. Èmi gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo fi di iwájú orí rẹ̀.