Obìnrin Inú Àwo Bàbá Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi lọ́jọ́ tí oyún bàjẹ́ lára wọn. Mo wà níbẹ̀, mo sì ti tó ọmọ tó lè rántí nǹkan. Ìyá mi ti ọsibítù dé, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní, "Bàbá wọn, ọmọ yẹn ò dúró o." Giramafóònù ń kọrin lọ́wọ́. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè sí wọn pé kí wọ́n dúró ná, torí pé obìnrin inú àwo fẹ́ dáhùn. Ìyá mi dúró. Nígbà tí obìnrin náà dáhùn tán, bàbá mi sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí lo wí?"

Ìyá mi ò tún un wí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá sí kíṣìnnì, wọ́n lọ gbé omi kaná.

Àwo kékeré ni, irú èyí tí orin kan ṣoṣo máa ń wà lójú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá Creek Road ní Àpápá tí wọ́n ti ń tẹ àwo orin. Ilé-iṣẹ́ kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kọ orin ìfẹ́, ló máa ń fi orin ránṣẹ́ sí wọn, àwọn á sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbí. Sóòlù ni wọ́n ń pe orin yẹn. Bàbá mi ló ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orin yẹn náà ni wọ́n ń gbọ́, títí ó fi wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìdajì ohun tí àwọn Amẹ́ríkà yẹn ń wí, àmọ́ tí wọ́n bá gbé e sẹ́nu, ẹ máa rò pé ọ̀hún ni wọ́n ti já ọmú lẹ́nu wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan wá kó ẹgbẹ́ olórin jọ níbẹ̀. Ọ̀gá wọn gbà fún wọn pé kí wọ́n ṣe àwo kan. Bàbá mi ni wọ́n ní kí wọ́n kọrin. Wọ́n fi ohùn Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n ní, "Padà wá, mi ò tilẹ̀kùn." Obìnrin kan tó ń kó àwo sínú páálí níbẹ̀, tí òun àti bàbá mi jọ ń fẹ́ra, ló ń dá wọn lóhùn pé, "Mò ń bọ̀." Gbogbo orin náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin ń bẹ̀bẹ̀, obìnrin ń ṣèlérí.

Obìnrin náà ò bọ̀ o. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ló lọ fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà kógbá sílé, ti Àpápá náà tẹ̀lé e. Bàbá mi wá fẹ́ ìyá mi. Nínú gbogbo àwo tí ẹgbẹ́ wọn ṣe, ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ wọn, òun ló sì kọ́kọ́ kí ìyá mi káàbọ̀ sínú ilé.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, nínú agolo bisikíìtì. Aṣọ funfun kan wà tí bàbá mi fi ń nù ún, a ò sì gbọ́dọ̀ fi nu ohunkóhun mìíràn. Gbogbo Sọ́ńdè tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á jókòó bí ọba, wọ́n á máa bá ohùn ara wọn kọrin. Tó bá ti kan ibi tí obìnrin yẹn ti ń dáhùn, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, àwa ọmọ á sì panu mọ́. Kódà tí ikọ́ bá ń gbẹ́ ẹ, o máa gbé e mì. Ìyá mi á wà ní kíṣìnnì, wọ́n á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò tilẹ̀kùn kọ́, mi ò tilẹ̀kùn ni! Ìyá mi ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn lálaalẹ́, pẹ̀lú àgádágodo méjì, torí pé Ajégúnlẹ̀ ni à ń gbé.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àwọn obìnrin àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwo orin ọkọ wọn ṣe abọ́. Wọ́n á da abọ́ onírin dojú délẹ̀, wọ́n á gbé àwo lé e lórí, wọ́n á da omi híhó sí i. Etí àwo náà á rọ̀ wálẹ̀, á ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí etí yẹ̀rì. Kò sí ilé tí wọn ò ti fi gbé ẹ̀pà fún àlejò nígbà yẹn. Ọwọ́ ìyá mi dáa sí i gan-an, àwọn ni wọ́n ń bá gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ wọn ṣe é. Bàbá mi wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan tàwọn, ìta ló ti máa bá ẹrù rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ti gbọ́.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi nǹkan kan bò. Síbẹ̀, èmi ni ọmọ bàbá mi nínú ilé yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ wá kọ lù wọ́n, tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi ní Boundary, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu náà sì tì pa. "Bà, bà, bà" lásán ló ń jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ wà lójú wọn kedere, ẹ máa rí i, àmọ́ kò ní jáde. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ta ló wá ń tọ́jú wọn? Ìyá mi náà ni. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Wọn kì í kùn, wọn kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọsibítù tí à ń gbé bàbá mi lọ, nọ́ọ̀sì kan bi mí pé ṣé wọ́n máa ń kọrin tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Hà, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù." Ó ní kí n dá orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Mo dá a. Ẹ gbà mí o! Bàbá mi la ẹnu, orin bọ́ síta, ó mọ́ gaara: "Padà wá, mi ò tilẹ̀kùn." Mo pariwo débi pé àwọn ènìyàn yọjú láti yàrá kejì. Ni bàbá mi bá gbọ́wọ́ òsì sókè, wọ́n ń dúró. Obìnrin yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó di "bà, bà" padà. Èmi náà fi ohùn mi gbìyànjú, mo ní, "Mò ń bọ̀." Bàbá mi wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí orin ń gbà. Ó ní ti ọ̀rọ̀ ló dí, ti orin ò dí. Tí wọ́n bá lè máa kọ orin yẹn dé òpin lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e jáde. "Ẹ wá àwo yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a kọ ọ́," bó ṣe wí nìyẹn. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n fi ń nu itọ́ bàbá mi.

Giramafóònù ti kú tipẹ́. Mo lọ sí Creek Road, bóyá mo lè rí ẹni tó ní orin yẹn lọ́nà mìíràn. Kọ̀ńténà ló kún ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní òun gbọ́ pé àwọn àwo tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, inú kòtò ni wọ́n dà á sí kí tírélà lè ráyè kọjá. Nínú gbogbo ariwo Amẹ́ríkà yẹn, ohun tó kù ò ju ẹnu bàbá mi àti àwo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo wá rí ọkùnrin kan ní Olódì tó ní ẹ̀rọ tó lè fa orin láti inú àwo sínú fóònù. Ó ní kí n gbé e wá ní Sátidé.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yà kí wọn nílé. Bàbá mi ń kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn, wọ́n á dúró, wọ́n á tún un kọ. Obìnrin ará Warri tó ń gbé yàrá kejì, tí Yorùbá rẹ̀ ò ju ti ọjà lọ, yọjú sí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Mama, see love o! Papa dey call you make you come back. Abeg, answer am na!"

Ìyá mi ní, "I don hear."

Ẹnu tèmi náà ò gbélé. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá fi máa di Sátidé, ó ti wọ fóònù. Àtọ̀sán àtòru ni wọ́n á máa gbọ́ obìnrin yẹn." Wọ́n ní kò burú. Wọ́n tún bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Sátidé pé, mo wá gbé àwo. Bàbá mi ń jẹun, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Mọ́ínmọ́ín tó ti tutù ni ìyá mi tẹ̀ fọ́ sínú abọ́ dúdú kékeré kan. Etí abọ́ náà ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí síbí ṣe ń gbá mọ́ínmọ́ín kúrò ni mo ń rí bébà búlúù tí wọ́n kọ orúkọ orin sí nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ìda àbẹ́là tí wọ́n fi dí ihò àárín.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Abọ́ ni mo ṣe," ni wọ́n wí. "Ó pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbàgbé."

Ẹ má bi mí ní gbogbo ohun tí mo sọ. Mo ní ìkà ni wọ́n. Mo ní ẹnu ọkọ wọn ni wọ́n da omi gbígbóná sí yẹn, pé ọ̀rọ̀ tí ì bá jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí ni wọ́n sè bí ẹ̀wà. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọn ò sọ síbí sílẹ̀.

"Ìkà ni mí, mo gbà," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí ọmọ kú mọ́ mi nínú, ta ló ní kí n dúró ná kí aṣẹ́wó kọrin tán? Èmi ni mò ń nu ìgbẹ́ wọn lónìí, òun ni wọ́n ń pè. Fóònù wo lo fẹ́ kó o sí fún mi?"

Bàbá mi ti rí ìdí abọ́. Mo retí kí wọ́n sunkún, wọn ò sun. Wọ́n jẹ oúnjẹ náà tán mọ́nípin. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, wọ́n gba abọ́ náà, wọ́n gbé e lé ikùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i. Bébà búlúù yẹn ń yípo. Wọ́n la ẹnu: "Padà wá, mi ò tilẹ̀kùn." Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo wo ìyá mi lójú. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ sè é, ẹ dín in, ibi tó wà ló ṣì wà.

Bàbá mi tún un kọ, wọ́n tún gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń dúró. Ìyá mi nu síbí, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síbi etí bàbá mi, wọ́n sì dáhùn níbi tí obìnrin yẹn ti máa ń dáhùn.

"Kò bọ̀ mọ́ o, Bàbá wọn. Ó ti kú. Mo rí ìwé ìsìnkú rẹ̀ lára ògiri ní Boundary. Mo lọ. Mo rí i nínú pósí. Wọ́n kun ètè rẹ̀ ní pupa."

Wọn ò jágbe o. Ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n lanu gba oògùn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Abọ́ dúró lórí ikùn bàbá mi. Ọwọ́ wọn tó wà lókè wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètè wọn ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn, mo rò pé "bà, bà" náà ló ń bọ̀. Wọ́n ní, "Nígbà wo?"

Wọn ò kọ ọ́ lórin. Wọ́n sọ ọ́ ni, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo fò sókè. "Màmá! Wọ́n sọ̀rọ̀! Ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti sọ̀rọ̀!"

Ìyá mi ní, "Mo gbọ́." Wọ́n gba abọ́ lórí ikùn ọkọ wọn, wọ́n lọ fọ̀ ọ́.

Láti ìgbà yẹn, bàbá mi ò kọrin mọ́. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní a kú iṣẹ́, ó sì bi mí pé báwo la ṣe ṣe é. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní Ọlọ́run ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn ò tíì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ yẹn jáde. Òun nìkan ni wọ́n ní, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ. Mo ti wo gbogbo ògiri Boundary, ìwé oríṣiríṣi ti lẹ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀, mi ò rí ti obìnrin yẹn. Mo ti bẹ ìyá mi títí pé kí wọ́n sáà dárúkọ ọdún kan, kódà kó jẹ́ irọ́, kí ọkàn ọkùnrin yìí lè balẹ̀.

Láàárọ̀ yìí náà, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi gbé ẹ̀kọ tútù wá nínú abọ́ dúdú yẹn. Bàbá mi wo ojú wọn. "Nígbà wo?" Ìyá mi bu ẹ̀kọ sórí síbí, wọ́n gbọ́wọ́ kejì sókè sí wọn pé kí wọ́n dúró ná.