Awò Ìbọn Díákónì Oyèdélé

Ìbọn Díákónì Oyèdélé ń dún dáadáa. Ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ ni kò yé ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó gbé e lé orí káńtà, ó sì jókòó kí n tó kí i tán. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ju ọ̀rọ̀ ìbọn lọ.

Iṣẹ́ mi ni láti bá oníbàárà yan awò ìbọn, ìyẹn gíláàsì gígùn tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn kí ohun tó jìnnà lè sún mọ́ ojú, àti òrùka irin méjì tó ń di awò náà mú. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ará ìjọ, wọ́n á ní, obìnrin bíi tìẹ? Wẹ́rẹ́háòsì, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Grand Prairie nílẹ̀ òyìnbó níbí ni mo wà tẹ́lẹ̀, mò ń gbé páálí títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ fún mi. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan nítòsí Garland ń wá ẹni tí yóò dúró nídìí káńtà, mo lọ nítorí wọ́n ní àga wà níbẹ̀. Ojúmìító ni kò jẹ́ kí n kúrò mọ́. Bàbá bàbá mi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn títí ó fi darúgbó, ojú lásán ló sì fi ń wo ẹran. Mo fẹ́ mọ ohun tí òyìnbó ń fi gíláàsì wá.

Dale, bàbá òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́, ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo oníbàárà kó tó mú nǹkan kan kúrò nínú gíláàsì káńtà: kí lo fẹ́ yìn, báwo ló ṣe jìnnà sí ọ tó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta ni yóò sì wà lórí ìdí ìbọn náà? Ó ní ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn wọn, kó kúkú lọ ra bàtà.

Díákónì mọ ìdáhùn tirẹ̀. Iṣẹ́ apòògùn ló ti fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, sì ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn Sachse. Mọ́mì ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá ń sin ewúrẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kòyótì, ajá igbó ilẹ̀ yìí, ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìdájí ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọlé. Mọ́mì ti wá sọ pé tó bá tún fi lè pa ewúrẹ́ kan sí i, àwọn á ta ilẹ̀ náà, àwọn á sì kó lọ sí òkè ilé ńlá tí ọmọ wọn kọ́ sí Frisco. Díákónì kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní ní àdúgbò yẹn, mọ́tò lèèyàn fi ń lọ kí aládùúgbò.

Nígbà tó wá ra awò, èyí tó tóbi jù ló nawọ́ sí. Ó ní ojú àgbà ni, ó nílò nǹkan ńlá. A kì í sọ fún àgbà lójú ara rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé awò ńlá náà sórí ìbọn kan, lórí òrùka gíga tí irú rẹ̀ nílò, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn kó wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò kan igi rárá. Ó na ọrùn bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Mo wá mú èyí tó kéré díẹ̀, tó lè jókòó lórí òrùka kúkurú. Mo ṣàlàyé pé awò tó bá ń fa nǹkan sún mọ́ni jù, etí ẹran nìkan lèèyàn ń rí, ẹran á sì ti sá lọ kó tó rí ìyókù. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ojú rẹ̀ bọ́ sí àárín gíláàsì, ó ní èyí gan-an nìyẹn. Ilé ni ìbọn rẹ̀ wà, nítorí náà ó kó awò àti òrùka lọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a dè é.

Òun ló wá padà wá yìí.

"Bọ́lá, kò yé mi mọ́," ló sọ. "First shot, ó bà á. Second one, ó ti yà síbòmíì. Kòyótì yẹn wá láàárọ̀ àná, mo yìn ín, erùpẹ̀ ni mo bà. Mọ́mì ti ń di ẹrù. Ó ní bí ìbọn tí a gbàdúrà sí bá lè tàsé, Ọlọ́run ló ń sọ pé ká kúrò níbẹ̀."

Ẹnu ìbọn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò ní àbùkù. Mo yẹ àwọn síkúrù wò, gbogbo wọn le dan-in. Ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ gidi. Dale ní kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára awò, níbi tó ti pàdé etí òrùka, kí n sì lọ yìn ín ní pápá ìyìnbọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọta àkọ́kọ́ bọ́ síbi tó yẹ. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń yà lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wo ìlà pẹ́ńsù mi, ó ti kúrò létí òrùka.

Awò náà ń rìn. Bí ìbọn bá ṣe ń ta padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni awò ń yọ́ lọ síwájú, síkúrù kò sì tú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Ó pẹ́ tí irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ti wá bá mi lórí káńtà.

A tú òrùka. Inú wọn ń dán. Dale fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra béèrè bóyá ẹnì kan jẹ sàláàdì, ewébẹ̀ tí wọ́n ń da òróró ólífì sí, lórí ìbọn náà ni. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn. Ó wà lára sítíárìn mọ́tò mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbàdúrà sí i.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló gbàdúrà sí i?"

"Pásítọ̀ ni. Kí ọmọ yẹn tó dè é, mo kó gbogbo ẹ̀ lọ sí altar, wọ́n fi òróró kan ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó wò mí. "Ṣé òróró ló bà á jẹ́ ni?"

Bàbá bàbá mi tún wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń da epo pupa sára ìbọn rẹ̀ fún Ògún lọ́dọọdún. Ìbọn tirẹ̀ kò ní òrùka. Mo gbé ìyẹn mì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún díákónì.

"Rárá, sà. Òróró ò ṣẹ̀. Ẹni tó ń yìnbọn ni kí wọ́n ta á sí lórí. Kí wọ́n jẹ́ kí òrùka gbẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá pe Mọ́mì lórí fóònù, ó ní kí n sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún òun. Mọ́mì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"So, kì í ṣe Ọlọ́run ló ní ká lọ?"

"Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run ní, mà. Mo kàn mọ̀ pé òrùka ló ń yọ̀."

Ó ní òun á ṣì fi ẹrù náà sílẹ̀ ní dídì bẹ́ẹ̀ ná.

Mo fi sípíríìtì nu òrùka, mo nu ara awò, mo nu síkúrù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dè wọ́n padà, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó máa ń dún kẹ́ nígbà tó bá ti tó. A padà sí pápá. Díákónì yìn ín títí, gbogbo ihò tó wà lára bébà ni ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè bò. Ó ká bébà náà sápò láti lọ fi han ìyàwó rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, Mọ́mì fúnra rẹ̀ wọlé wá pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ díndín nínú kúlà, àti ìgò òróró kékeré kan. Ó ní kòyótì náà wá ní ìdájí, ìbọn sì dún lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wá ní kí n fi òyìnbó tó pe òróró òun ní sàláàdì han òun. Dale bọ́ fìlà, ó tẹ orí rẹ̀ tó pá ba, Mọ́mì sì ta òróró sí i níwájú orí. Dale bi mí bóyá òun náà ò ní máa yọ̀ báyìí. Mọ́mì gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká.

Mo bi í léèrè ẹrù tó dì.

"Mo ti tú u," ló dáhùn. "Ewúrẹ́ méjì ló lóyún nílé. Tí mo bá lọ Frisco, ta ni yóò gbẹ̀bí wọn?"