Búrẹ́dì àti Oyin fún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Kí ẹ tó ka èyí jìnnà, mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mi ò kàwé púpọ̀. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo lo ọdún kan àti ààbọ̀ ní girama, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ọwọ́ mi kò dán nínú ìwé kíkọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Níbi tí mo bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi fò ó.

Nígbà tí mo dé Manchester, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo dé sí, ní Blackley. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe, láti ilé kan sí òmíràn, bí wọn ò bá sì sí níbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ máa bá wọn. Èmi ń tún ọ́fíìsì kan ṣe ní Swinton. Mo máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, màá sì ti padà sílé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni, èmi àti ariwo fíríìjì. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé “thank you” tí mo sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀. Tí mo bá ra káàdì láti fi pe màmá mi nílé, màá sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àwọn náà á sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, káàdì á sì tán.

Ìgbà yẹn ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Mo kọ́kọ́ rò pé ajá ni. Nínú àlọ́ ìyá àgbà mi nìkan ni mo ti gbọ́ orúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n sì máa ń pè é níbẹ̀. Èyí kò ní ọgbọ́n kankan lára mọ́. Kúrúnà ti jẹ ẹ́ láti ìdí dé ọrùn. Ìrù rẹ̀ dà bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́, ojú rẹ̀ kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ó máa ń sùn lórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́sìbíìnì, níbi tí oòrùn díẹ̀ máa ń dé. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, á gbórí sókè, á wò mí, kò sì ní sá. Mo máa ń kí i. Mi ò mọ̀ bóyá ó jù mí lọ, nítorí náà “ẹ káàárọ̀” ni mo máa ń sọ.

Ní Sátidé kan tí Àǹtí kò lọ síbi iṣẹ́, wọ́n rí i láti ojú fèrèsé.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí nìyẹn?”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni, mà. Ara rẹ̀ ò yá ni.”

“Ara rẹ̀ ò yá? Ìwọ ni dókítà rẹ̀? Ẹranko wo ló ń wo èèyàn lójú báyẹn? Kó má kó ohun tó ń ṣe é ràn wá o.”

Wọ́n pe onílé lójú ẹsẹ̀. Onílé ní òun á rán ọkùnrin kan tó ní ìbọn wá ní Friday. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Mo kàn ń ka ọjọ́ lọ́kàn.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ní Swinton, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá, mo ti rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ní kí ẹni tó bá rí ẹranko ìgbẹ́ tó ń ṣàìsàn pe nọ́ńbà kan. Ní Monday, lẹ́yìn iṣẹ́, mo kọ gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí màá sọ sórí bébà kí n tó tẹ fóònù náà, mo sì kà á bí ọmọ iléèwé. Obìnrin kan ló gbé e. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ìgbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà wa, arúgbó òyìnbó kan tó wọ bàtà òjò, tí irun ajá wà ní gbogbo aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú àgò irin kan tó gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Wọ́n fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Tí ẹranko bá wọlé dé ìdí àgò, tó sì tẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn á já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ṣe é léṣe.

“Àwọn tó ń dúró dè mí pọ̀, mi ò lè jókòó síbí,” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo máa ṣọ́ ọ. Fi okùn so ilẹ̀kùn yìí sókè ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó lè máa wọlé jẹun kó sì máa jáde. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀ ni kó o tú okùn náà. Tó o bá mú nǹkan mìíràn, tètè tú u sílẹ̀.”

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé mo mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé, lóko ìyá àgbà mi, mo ti dẹ ẹbìtì rí. Ẹyìn la máa ń fi sí i. A ó dẹ ẹ́, a ó lọ sùn, tílẹ̀ bá mọ́ a ó lọ wò ó. Ohunkóhun tó bá kú sábẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ni. Ẹmọ́ ni o, ọ̀kẹ́rẹ́ ni o, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá òun la dẹ ẹ́ dè. Mo sì ń rántí Friday. Mi ò so ilẹ̀kùn kankan sókè. Mo yọ orí ẹja gbígbẹ kan nínú fíríìsà Àǹtí, mo fi sídìí àgò, mo sì lọ jókòó sí ilé ìdáná.

Kí n tó mu tíì tán, ilẹ̀kùn ti já. Mo sáré jáde. Ológbò ni, dúdú mìnìjọ̀, ó ń kígbe bí ọmọ tuntun, orí ẹja lẹ́nu.

Ìyá òyìnbó tó ń gbé lápá òsì wa ló ni ín. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn gbé àfi ológbò náà. Mo gbé e mọ́ àyà, mo kan ilẹ̀kùn wọn, bí wọ́n ṣe yọjú ni mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí símẹ́ńtì.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Wọ́n di apá mi mú gírígírí. “Ṣé òòyì ń kọ́ ọ ni, ọmọ? Ṣé kí n pe ambulance?”

“Rárá, mà. Mò ń bẹ̀ yín ni. Èmi ni mo mú ológbò yín.”

“O ń bẹ̀ mí? Lórí orúnkún?” Wọ́n wo òpópónà lápá ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Dìde, dìde, kí àwọn èèyàn tó rí wa!”

Mo dìde. Mo ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe bí gẹ̀ẹ́sì mi ṣe mọ. Wọ́n gba ológbò wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fa imú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó pè mí ní mummy rí,” wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo sọ fún obìnrin alágò lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. “Ẹja! O ti pe gbogbo ológbò Blackley sí àsè. Nǹkan dídùn ni kó o lò. Ológbò kì í ka adùn sí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀.”

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi oyin sí búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ojú ń kán mi síbẹ̀. Ní Tuesday, mo dẹ àgò náà, mo sì fi í sílẹ̀ di ìdájí. Nígbà tí mò ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Wednesday, mo rí i pé ilẹ̀kùn ti já. Ẹranko kékeré kan ni mo bá nínú rẹ̀, kò ju ìkúùkù méjì lọ, ẹ̀gún lára rẹ̀ bí ti òòrẹ̀, ó ká jọ bí bọ́ọ̀lù. Hẹ́jíhọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é níbí. Ó ti ha imú sí irin títí ó fi bó. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbé e sábẹ́ igi, mo dúró títí ó fi tú ara rẹ̀ tó sì lọ. Bọ́ọ̀sì mi ti kọjá kí n tó dé òpópónà. Ìtìjú mú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dẹ́rù ba ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo ya etí aṣọ kan, mo fi so ilẹ̀kùn àgò sókè. Ọ̀sán gangan nìkan ni mo fi oúnjẹ sí i, nítorí pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ẹlẹ́gùn-ún yẹn máa ń rìn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tiwa sì ti di ẹni ọ̀sán nítorí àìsàn. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wá. Ó nawọ́ kan wọlé, ó fà á padà. Ó tún nà án. Ìgbà kẹta, gbogbo ara rẹ̀ ló wọlé, ó jẹun, ó jáde, ó sì wo fèrèsé bí ẹni pé ó fẹ́ kí mi. Inú mi ò dùn. Mò ń kọ́ ọ kó fọkàn tán mi, nítorí kí n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ Thursday, bí mo ṣe ń wọlé láti ibi iṣẹ́, Àǹtí ń wọ kóòtù wọn láti jáde.

“Irin ṣì wà níta yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò tíì mú nǹkan kan?”

“Rárá, mà.”

“Ẹbìtì tí ò peku, ó yẹ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Dá a padà fún òyìnbó rẹ. Ọ̀la ni oníbọn ń bọ̀, ó parí.”

Mo lọ tú aṣọ tí mo fi so ilẹ̀kùn. Ìyá tó ń gbé lápá òsì wa yọjú lórí ọgbà. “Mo ti ti ológbò tèmi mọ́lé lónìí,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì wọlé padà.

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá, mọ́kànlá kọjá, mi ò lè jẹun. Ó kù díẹ̀ kó di aago kan nígbà tó wá. Kò nawọ́ fà padà mọ́. Ó wọlé tààrà bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn já. Mo rò pé á kígbe, ṣùgbọ́n ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùbúlẹ̀. Mo fi ìró mi bo àgò náà, kó lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo jókòó tì í nínú òjò títí obìnrin alágò fi dé. Wọ́n ṣí etí ìró náà, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n ní abo ni, pé bí ara rẹ̀ bá yá, ibi tí mo ti mú un ni àwọn á dá a padà sí.

Oníbọn dé ní Friday, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìnkùlé, kò rí nǹkan kan, ó lọ. Ní Sunday, Àǹtí jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa ti lé ẹranko burúkú kúrò láyìíká òun. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà dìde, mo pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gùn. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láìsí ìdí kankan. Pákó wà níbẹ̀, oòrùn dé síbẹ̀ nígbà mìíràn. Mo pe màmá mi, mo sọ fún wọn pé mo mú ẹran kan. “O mú ẹran, o sì fún òyìnbó?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ṣàlàyé, káàdì sì tán.

Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó gbé e padà wá, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Àǹtí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò dá a mọ̀. Irun pupa ti hù sí i lára, ojú rẹ̀ méjèèjì ti là. A ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó gba abẹ́ ọgbà lọ, kò wẹ̀yìn.

“Gbọ́,” ni obìnrin náà wí bí wọ́n ṣe ń gbé àgò sínú ọkọ̀. “Má fún un lóúnjẹ mọ́. Tó bá mọ́ ọn lára láti máa wá bá èèyàn, ẹlòmíràn ló máa lọ bá lọ́la, ẹni náà sì lè má jẹ́ ìwọ.”

Mo ní mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ lóòótọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó wà lórí pákó rẹ̀, ó jókòó, ó dojú kọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Mi ò kí i. Mo fa kọ́tìnì, mo gé búrẹ́dì náà, mo fi oyin sí i bí mo ṣe máa ń ṣe é fún un, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, díẹ̀díẹ̀, títí mi ò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ níta mọ́.