Àwòrán Faransé Tí Wọ́n Fi Bo Mùíbátù

Ẹ bá mi wo ọkùnrin! Mùíbátù, aránṣọ ìlú Itele, lọ wẹ ọmọ tí Kàfáyá ọmọ rẹ̀ bí l'Ábẹ́òkúta. Kó tó dé, àwòrán ìgbéyàwó òun àti Jìbírílù ọkọ rẹ̀ ti pòórá nínú férémù tó wà lára ògiri pálọ̀. Àwòrán Faransé kan ló rọ́pò rẹ̀: títì tóóró kan láyé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, òjò ti pa ilẹ̀, ilé dúdú lọ́tùn-ún lósì, àwọn èèyàn sorí kọ́, wọ́n ń lọ.

"Òjò ló ba tiwa jẹ́," Jìbírílù wí. "Ọ̀gá wa òyìnbó tó ń padà sílùú ẹ̀ ló fún mi nìyí. Ó ní ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá Kàfáyá, ṣé ibi òkú ni wọ́n ti ń bọ̀ ni?"

"Ìgboro wọn nìyẹn."

Mùíbátù gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ máa ń káàánú obìnrin kan tó daṣọ dúdú borí níbẹ̀, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyá, wàá délé."

Nígbà tí Kàfáyá fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́, Mùíbátù ní òun á fi ìyẹn náà sínú férémù. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Fàlílù, bàbá kan tó ń ṣe férémù l'Ọ́tà, wà lẹ́yìn férémù ti pálọ̀, ló bá gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ níbí o."

Fàlílù gbójú sókè. Gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Bàbá náà kó sẹ́yìn tábìlì, ó na òòlù síta. "Àkúdàáyà! Padà síbi tó o ti wá, mi ò ṣẹ̀ ọ́!"

Ẹ̀rín pa Mùíbátù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi eyín ya píọ́ wọ́tà, ó mu ún. Fàlílù rí i pé omi ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bíi ti alààyè. Ojú tì í.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọkọ yín ló gbé fọ́tò yín wá tẹkúntẹkún, ó ní ẹ ti kú. Àwọn àna tuntun ń bọ̀ wá wo ilé, wọ́n láwọn ò ní fọ́mọ sílé olórogún, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n bá ojú òkú lára ògiri. Èmi kì í ju fọ́tò òkú nù. Mo fi fọ́tò yín sẹ́yìn àwòrán Faransé náà ni, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo wà níbi tí wọ́n ti so yìgì òun àti ìyàwó tuntun náà."

Ẹ̀rín tán. Mùíbátù délé, ó yọ ìṣó férémù. Òun nìyẹn lẹ́yìn títì àwọn Faransé, pẹ̀lú gèlè ìgbéyàwó, gbígbẹ táútáú, òjò kankan ò kàn án.

Ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ̀sìn wa ò kúkú kọ ìyàwó kejì! Kó wí fún mi ni. Màá bínú, màá bú u, màá sì tún gbé oúnjẹ fún un. Ta ló ní kó pa mí?"

Ọ̀dàlẹ̀ ni Jìbírílù, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, ó bá àwòrán méjèèjì lórí tábìlì. Mùíbátù, tí kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí látìgbà tó ti wọlé rẹ̀, pè é lọ́jọ́ náà.

"Jìbírílù, wọ́n ní mo ti kú."

Ẹ gbọ́ o, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ó ṣì ń retí kó ní irọ́ ni, kó ní àwọn kan ló fẹ́ da ilé àwọn rú. Ì bá gbà á gbọ́.

Jìbírílù gbé búrẹ́dì kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"