Ohùn Mi Ló Kọ́kọ́ Dé Bessé

Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó fi oògùn dọ́kítà sílẹ̀. N kò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Èṣù kò ní tẹlifóònù, èmi ni mo ní.

Bó ṣe rí rèé. Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń fọhùn bí ẹni tó ti jẹun yó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, àìsàn tí àwa ń pè ní tánsíọ̀n, máa se ewé kajú, kó máa mu omi rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kó sì pa oògùn òyìnbó tì. Ewé kajú! Ní Ṣábẹ̀ tiwa yìí, níbi tí kajú ti pọ̀ ju èèyàn lọ! Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé oògùn ti wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ká ní mo gbọ́ ọ tí mo dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé ju ọ̀rọ̀ sí èèyàn láìkí i. Nítorí náà, kí n tó fi ohùn ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Bessé, abúlé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, mo kọ́kọ́ gba ohùn tèmi sílẹ̀. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé, mo ki ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo wá fi kún un pé, "Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o, òótọ́ ni." Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí ṣe di ọ̀rọ̀ mi. Ní Bessé, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní, "Tọ̀ntọ́n ló sọ ọ́." Orúkọ tí gbogbo ọmọ ẹbí fi ń pè mí nìyẹn, bí àwọn tó lọ ilé ìwé Faransé ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Èmi náà lọ ilé ìwé díẹ̀. Mo lè ka lẹ́tà bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá kánjú. Ìyẹn ti tó láti sọ mí di ọ̀mọ̀wé ẹbí.

Ìdí kan tún wà tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ewé náà jẹ́ òótọ́. Orí máa ń fọ́ èmi náà, ojú a sì máa ṣú mi bí mo bá dìde lójijì, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ mi rí. Ẹ̀rù àpò kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ èèyàn lápá, tó ń wú, tó sì ń fún ni bí òjòlá, ló ń bà mí. Èmi tí mo ti fi ọkọ́ pa ejò lóko! Bí mo bá rí ẹni tó gbé e dání lọ́ọ̀ọ́kán, kíá ni mo máa ń rántí pé mo gbé omi kaná sílé.

Obìnrin kan ló ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú wa. Ará ìhà Ìpòbẹ́ ni, iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó ń fi Yorùbá wa rẹ́rìn-ín, àwa náà ń fi tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ló pè mí síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé àti díẹ̀ nínú ará ìlú, lórí bí a ṣe lè dá ọ̀rọ̀ ìlera tó ṣeé gbára lé mọ̀, àti bí a ṣe lè mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ní, "Tọ̀ntọ́n, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dé oko ni mò ń wá. Wọ́n ní tiyín dé."

N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni. Mo lọ ṣá.

Ó ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ ìlera kan tó gbà lórí tẹlifóònù jáde. Mo gbé tèmi síta tayọ̀tayọ̀.

Ó bi mí pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọkùnrin kan ni."

"Kí niṣẹ́ rẹ̀?"

"N kò mọ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ dáa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló ń tà?" Mo ní kò ta nǹkan kan. Ó bá jẹ́ kí ohùn náà ká dé òpin, ibi tí èmi kò gbọ́ dé rí. Ọkùnrin mi ń polówó ewé kajú lílọ̀ nínú agolo, fún àwọn tí kò ní igi nítòsí.

Ránṣọránṣọ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Tọ̀ntọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ń bá a kiri ọjà, kò sì fún yín ní nǹkan kan."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí nọ́ọ̀sì tó wá bá wa sọ̀rọ̀ dìde. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ara lè máa yá èèyàn, kó rò pé òun ti sàn, kó jáwọ́ nínú oògùn, kí rọpárọsẹ̀ sì gbé e ṣubú. Mo jáde síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ara mi le, àbúrò. Omi ewé rẹ ni mò ń mu."

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Oògùn wo? Mo ti jù ú sí ṣáláńgá."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba òmíràn. Mo ṣìnà ni. Irọ́ lọ̀rọ̀ ewé yẹn."

Ó ní, "Ìwọ lo ní òótọ́ ni. Ìwọ náà lo tún ní irọ́ ni. Èwo ni kí n gbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ó pa tẹlifóònù.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ń pín ìwé pélébé kan tó dára gan-an. Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀, lédè Faransé láti òkè délẹ̀. Inú bí mi. Mo dìde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ Faransé. Irọ́ ń sọ èdè wa, òótọ́ ń sọ Faransé. Ẹ sọ fún mi, èwo ló máa kọ́kọ́ dé Bessé?"

Obìnrin ilé ìkàwé náà ní, "Ẹ jókòó, Tọ̀ntọ́n. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ lédè wa."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fi jà lórí ìwé náà. Òun a sọ ọ́ bí ará Ìpòbẹ́, àwa a ní rárá, ìyá kan lóko kò ní gbọ́ ìyẹn. Ránṣọránṣọ yẹn ló mú ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ wá, mo sì dárí jì í. Nígbà tó yé gbogbo wa, wọ́n ní kí n fi ohùn mi sọ ọ́ sínú tẹlifóònù, torí ohùn mi ni wọ́n mọ̀ lóko. Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ohùn nìkan kò tó mọ́. Ohùn ni mo fi bà á jẹ́, ẹsẹ̀ ni n ó fi tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, èmi, obìnrin ilé ìkàwé àti nọ́ọ̀sì gun alùpùpù lọ sí Bessé. A bá ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n ń yọ kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀. Ìkòkò ewé wà lórí iná lẹ́yìn wọn. Mo kí wọn. N kò jókòó.

Mo ní, "Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, n kò mọ ẹni tó ni ín. N kò gbọ́ ọ dé òpin. Mo fi ẹnu mi jẹ́rìí sí ohun tí n kò mọ̀."

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́. "Ọ̀mọ̀wé wa! Èmi náà ń mu ún o. Títọ̀ ni mo kàn ń tọ̀ ṣáá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì mú àpò kékeré yẹn jáde, ó ní kó na apá. Ẹ̀gbọ́n mi ká apá rẹ̀ mọ́ àyà.

"Òun ló mú yín wá. Ẹ wọn tirẹ̀ ná."

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yí padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, ẹ̀gbọ́n mi kò ní na apá láéláé, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí àpótí, mo na apá, mo di ojú. Àpò náà wú, ó fún mi, ó sì tú mi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Tọ̀ntọ́n, tiyín ga gan-an. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣeré."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí ibà bá mú mi. Ó na apá tirẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, tirẹ̀ náà ga. Ó dìde, ó sọ ìkòkò ewé kalẹ̀ kúrò lórí iná.

Ó ní, "Lọ́la, a jọ máa lọ gba oògùn. Láràárọ̀, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ pè mí, kí n gbọ́ bí o ṣe ń gbé tìrẹ mì. Ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ọ, èmi náà kò ní lo tèmi."