Kílípà Tí Mo Fi Ń Yangàn
Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ò ní ẹ̀tẹ̀, làpálàpá orí àwọn ọmọ mi ló ń fi mí ṣẹ̀sín. Bí ìpara bá ti wò ó sàn, n ó fi kílípà mi gé irun mi àti tiwọn nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Láìpẹ́, ó ti tún yọ. Mo bá tíṣà wọn jà pé ilé-ìwé ni wọ́n ti ń kó o. Nígbà tó yá, dókítà kan ní Ìdó bi mí pé ta ló ń gé irun wọn. Mo yangàn pé èmi ni. Ó rí ọwọ́ mi tó ń họ abẹ́ fìlà, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà."

Nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, mo ní òtútù ń mú mi.